Gààrí Ni, Àbí Ṣúgà Inú Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà wa,

Gààrí ni mò ń tà ní Òkè-Àje, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Iṣẹ́ tí ìyá mi fi tọ́ mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ bàbá àwọn ọmọ mi ni mo bá wá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, awakọ̀ èrò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti bí oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó àwọn bí ẹni tó tẹ ẹyin iná, pàápàá lálẹ́. Ojú wọn náà ń ṣe bàìbàì, èmi ni mò ń bá wọn ka nọ́ńbà inú fóònù báyìí. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí wọ́n má dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Aṣọ tí wọ́n rán fún Iléyá tó kọjá ti ń tóbi sí wọn lára.

Àwọn ẹbí wọn ti dojú ọ̀rọ̀ kọ mí. Wọ́n ní gààrí ni, pé gààrí ń fọ́ni lójú, pé èmi tí mò ń tà á ni mo ń fi bọ́ ọmọ àwọn lọ́sàn-án lóru. Òótọ́ ni pé bàbá fẹ́ràn gààrí mímu. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wọn kan ní gààrí kọ́, ṣúgà tí wọ́n ń kó sí i ni. Kóró mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́jọ, sí abọ́ kan, torí ẹ mọ̀ pé gààrí tiwa kan. Ọ̀rẹ́ yìí ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀. Ó gbé agbo jẹ̀dí wá, bàbá sì ń mu ún láràárọ̀. Wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n ní ṣúgà ló ń jáde yẹn. Èmi náà yọ́ lọ wo ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, n kò rí èèrà kankan níbẹ̀, ọkàn mi wá balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? Ṣé kí n má fún wọn ní gààrí mọ́ ni, àbí ṣúgà ni kí n gbà lọ́wọ́ wọn? Ṣé kí wọ́n máa mu agbo náà lọ? Ọmọ mi obìnrin tún wà lọ́dọ̀ wa, oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Ojoojúmọ́ ló ń po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀. Ṣé ìyẹn náà ń ka ṣúgà?

Èmi ni,
Onígààrí Òkè-Àje

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Kí a tó dá ẹjọ́ gààrí àti ti ṣúgà, ohun kan wà tí kò lè dúró dìgbà tí ẹ bá ka ìwé yìí tán. Ẹsẹ̀ tó ń jó, ojú bàìbàì, ìtọ̀ òru, aṣọ tó ń tóbi síni lára: bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé lára ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ẹ mú bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la. Kí wọ́n má fi ohunkóhun kan ẹnu láti alẹ́, àfi omi lásán, títí wọn yóò fi gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú òǹkà tí àwọn ilé àyẹ̀wò wa sábà máa ń kọ, èyí tí wọ́n ń fi mg/dl sí nídìí, ohun tó bá wà lábẹ́ 100 kò ní wàhálà nínú. Láti 100 dé 125, ara ti ń kì wá nílọ̀. Bó bá tó 126 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni. Bí bàbá bá sì gbàgbé tí wọ́n ti jẹun, kí wọ́n má torí ìyẹn padà sílé. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lẹ́yìn oúnjẹ, bó bá tó 200 sókè pẹ̀lú irú àmì tí ẹ kà fún mi yìí, ó ti tó dókítà láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé ìtọ̀ òru fún ọkùnrin àgbà, prostate ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yẹ ìyẹn náà wò. Ṣùgbọ́n prostate kì í jó àtẹ́lẹsẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ìbàlẹ̀ ọkàn tí èèrà fún yín ló bà mí lẹ́rù jù. Àwọn bàbá wa kò parọ́ o: ìtọ̀ alátọ̀gbẹ lè dùn, èèrà á sì bò ó. Àmọ́ kíndìnrín kì í fi ṣúgà ṣòfò. Bó bá ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dá ṣúgà padà sí i, títí ṣúgà náà yóò fi pọ̀ tó nǹkan bí 180 nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà yẹn ni apá rẹ̀ kò ní ká a mọ́, tí ìyókù yóò máa jò sínú ìtọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 140 láàárọ̀ kùtù, kó tó jẹ nǹkan kan, ti ní àtọ̀gbẹ, èèrà lè má yà sọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Kíndìnrín àgbàlagbà mìíràn tilẹ̀ ń mú ṣúgà mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èèrà tó dé, àìsàn náà ti lè lo ọdún bíi mélòó kan nínú ilé. Ká má tíì sọ pé ilé tí wọ́n ti ń da Izal sílẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, èèrà wo ló fẹ́ wá jẹ́rìí níbẹ̀?

Ó kan ọ̀rẹ́ bàbá àti agbo rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọn kò fi jẹ̀díjẹ̀dí dẹ́rù bà láti kékeré nínú wa. Bí ọmọ bá ti na ọwọ́ sí agolo ṣúgà, wọ́n á ní jẹ̀dí á mú un, ìdí rẹ̀ á yọ. Ìbẹ̀rù yẹn ṣe oore, ó gba ṣúgà púpọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa láti máa wo ìdí nígbà tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ẹni tí ìdí ń yọ tàbí tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ohun tó wọ́pọ̀ jù tó ń fà á ni ìgbẹ́ líle àti agbára tí a ń fi tì í jáde, ìjókòó pípẹ́, oyún, oúnjẹ tí kò ní ẹ̀fọ́ àti èso nínú. Ti àrán inú náà rí bẹ́ẹ̀: ẹyin àrán ló ń gba ọwọ́ ìdọ̀tí, ilẹ̀ àti omi wọnú, ṣúgà kì í bí àrán. Kí ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ má sì pe gbogbo rẹ̀ ní jẹ̀dí, kó lọ fi han dókítà.

Ewu tó wà nínú agbo yẹn ni ìtura tó ń fúnni. Ọkùnrin kan lọ sóde àríyá, ó mu ẹlẹ́rìndòdò ìgò mẹ́ta. Ilẹ̀ mọ́, ó yà lọ́dọ̀ ìyá alágbo, ó mu ife kan, ó lọ sílé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní òun ti san gbèsè àná. Kọ́bọ̀ kan kò kúrò níbẹ̀. Ṣúgà tí a mu kì í jókòó sínú ìfun de agbo. Láàárín wákàtí kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti gba ara ìfun kékeré wọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Omi ara àti iyọ̀ ara ni agbo ń gbọ́n jáde. Bàbá sì rèé, tí wọ́n ń fi ìtọ̀ pàdánù omi lóru, agbo tún ń fa ìyókù lówùúrọ̀. Bó bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, ó tún burú sí i. Kí wọ́n dá a dúró lónìí, Màmá, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìgò bá tán.

N kò bá ewé àti egbò ṣọ̀tá. Ewúro dára nínú ọbẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun kíkorò kì í fọ ohun dídùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Orí ahọ́n nìkan ni àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn lọ́tàá.

Ní ti àwọn ẹbí tó ní gààrí ń fọ́jú, ẹ má bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ náà ní orírun, orírun rẹ̀ kò sì jìnnà sí ìsọ̀ yín. Ní Ọ̀ṣọ́sà níbẹ̀, ìlú Hubert Ogunde, àgbà òṣèré ìtàgé nì, àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1969 pé àìsàn iṣan kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará ìlú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó bá mú á máa jó tàbí kó kú, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú á máa ṣókùnkùn, etí náà á máa di. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti UCH, Ìbàdàn, ni orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìwádìí náà jù, àárín àwa Ìjẹ̀bú gan-an ni àìsàn ọ̀hún sì pọ̀ sí. Oró sáyánáìdì tó wà nínú pákí ni wọ́n fura sí, pàápàá fún ẹni tó ń jẹ pákí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìrí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà fi tì í. Àwọn oníwádìí tún padà lọ sí Ọ̀ṣọ́sà lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 tí wọ́n yẹ̀ wò ló ṣì ní i, àwọn obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá sáyánáìdì nìkan ló jẹ̀bi tàbí ó ní alábàákẹ́gbẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó ní gààrí ń fọ́jú kò sọ ìsọkúsọ. Ohun tó gbàgbé ni ìyókù ọ̀rọ̀ náà: pákí tí wọ́n rin, tí wọ́n dì sínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó kan, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n yan gbẹ dáadáa, oró rẹ̀ ti dín kù lọ jàǹtìrẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀ jù mí lọ. Gààrí oníkánjú, tí wọ́n rin lónìí tí wọ́n yan lọ́la, ni kí ẹ má jẹ́ kó wọ ìsọ̀ yín. Kíkan tí àwọn kan ń sá fún nínú gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀rí pé wọ́n mú sùúrù fún un ni.

Ẹ rí i báyìí pé ẹsẹ̀ àti ojú bàbá jọ ti Ọ̀ṣọ́sà, ó sì jọ ti àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n àìsàn Ọ̀ṣọ́sà kọ́ ló ń jí ènìyàn lóru láti lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi fà sí ṣúgà, tí mo sì fi àyẹ̀wò ṣáájú. Kì í ṣe ilé yín nìkan ló dé bá: àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí àgbàlagbà 6 nínú 100 ní Nàìjíríà ló ní àtọ̀gbẹ, púpọ̀ nínú àwọn tó ní i ni kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ṣúgà inú abọ́ bàbá. Kóró kan ṣúgà onígun máa ń tó gíráàmù 4 sí 5. Kóró mẹ́jọ ti wọ gíráàmù 32 sí 40. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí à ń bù sí nǹkan, pẹ̀lú oyin àti omi èso, má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ ń fún wa lójúmọ́. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 50, wọ́n sì ní ó sàn kó má ju 25 lọ. Abọ́ gààrí kan ṣoṣo ti kọjá 25, bàbá kò tíì mu tíì, wọn kò tíì mu ògì. Àwọn ẹbí náà sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre níbì kan: gààrí gbígbẹ gíráàmù 100 ní ju gíráàmù 80 sítáàṣì nínú, ara a sì máa sọ gbogbo sítáàṣì yẹn di ṣúgà. Bí ẹ bá yọ kóró mẹ́jọ kúrò tí ẹ wá fi ife gààrí méjì kún un, kò sí ohun tí ẹ ṣe.

Ṣé ṣúgà ló wá fa àtọ̀gbẹ, bó bá jẹ́ òun ni? Òun nìkan kọ́. Ìdílé ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ orí ń ṣiṣẹ́, ọ̀rá tó jókòó sí ikùn ń ṣiṣẹ́, àìrìn ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo ìgbésí ayé awakọ̀: ìjókòó láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó, oúnjẹ òjijì, bọ́ǹsì àti ìgò tútù kan nínú gáréèjì, òmíràn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìgò yẹn ni mo fẹ́ bá wí ju abọ́ gààrí lọ. Ìwádìí kan tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí mìíràn pọ̀ ní 2015 rí i pé fún ìwọ̀n ohun mímu oníṣúgà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ń mu lójúmọ́, ewu àtọ̀gbẹ ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 lé sí i. Ṣúgà tí a mu kì í yóni. Ẹni tó ń jẹ ìrèké á fi eyín bó o, á fà á, á tu háhá rẹ̀ dànù, ẹnu á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ gígùn apá kan. Ẹni tó ṣí ìgò 50cl ti gbé gíráàmù 50 àti díẹ̀ mì kí ọkọ̀ tó kún. Ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ kà á: bí wọ́n bá kọ ọ́ pé mílílítà 100 ní gíráàmù 10 tàbí 11, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún fún 50cl. Ìdajì ṣúgà yẹn, ìyẹn glúkóósì, wọ ẹ̀jẹ̀ lọ tààrà, pancreas tó wà lẹ́yìn ikùn ní láti sáré tú ínsúlínì jáde láti gbà á. Ìdajì kejì, fúrúkítóòsì, ẹ̀dọ̀ ló ń lọ bá. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń sọ di ọ̀rá, tó sì ń tọ́jú sí ara rẹ̀. Ẹni tí kò mu ọtí rí láyé rẹ̀ lè ti ọ̀nà yìí ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀.

Ìjọba mọ̀ nípa ìgò yẹn. Òfin Ìṣúná 2021 fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu oníṣúgà. Ẹ ṣírò rẹ̀: náírà 5 lórí ìgò 50cl, owó tí kò ra omi inú ọ̀rá kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú owó-orí bẹ́ẹ̀ fi ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 kún iye ọjà kó tó lè dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. Lójú tèmi, náírà 5 yẹn, a fi ṣeré ni.

Ṣúgà inú ìgò yẹn ń ba eyín náà jẹ́, èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Kòkòrò inú ẹnu ń jẹ ṣúgà, ó sì ń tọ ásíìdì sí eyín. Iye ìgbà tí ṣúgà kan eyín burú ju bó ṣe pọ̀ tó lọ, nítorí náà ẹni tó ń fi ẹlẹ́rìndòdò kan ṣeré láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ìsọ̀ ń ṣe eyín rẹ̀ léṣe ju ẹni tó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ṣúgà Nàìjíríà ní fítámì A tó dára fún ojú, òótọ́ ni pé ìjọba pàṣẹ kí wọ́n máa fi í sínú ṣúgà, ìyẹ̀fun àti òróró láti ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn. Epo pupa àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní tiwọn láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bàìbàì ojú bàbá tilẹ̀ lè jẹ́ pé ṣúgà ló ń fa omi sínú dígí ẹyinjú, tó ń mú un wú. Irú ìyẹn máa ń padà sípò bí ṣúgà bá wálẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má tíì lọ fi owó ra awò. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ojú ló ń jò, ìyẹn kì í sì í padà fúnra rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá ti fi àtọ̀gbẹ hàn, kí dókítà ojú wo ẹ̀yìn ojú wọn. Bí kò bá sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù kò jìnnà.

Ó wá ku bí bàbá yóò ṣe mu gààrí tó kan láìsí ṣúgà, torí mo mọ̀ pé ẹ kò lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú pátápátá. Ẹ wá agbáyun. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èso pupa wínníwínní tí kò ju orí ìka lọ, tí ẹran ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ lórí kóró. Kí bàbá sọ ọ́ sẹ́nu, kí wọ́n fi ahọ́n yí i kiri títí ẹran rẹ̀ yóò fi kan ibi gbogbo lórí ahọ́n, bí ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí wọ́n wá tu kóró. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé abọ́ gààrí sẹ́nu. Bí gààrí náà bá ṣe kan tó ni yóò ṣe dùn tó. Chevalier des Marchais, ará Faransé kan, rí i ní 1725 bí àwọn ènìyàn ìhà tiwa ṣe ń jẹ ẹ́. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ èròjà inú rẹ̀, tí wọ́n sì pè é ní miraculin. Purotéènì ni, kì í ṣe ṣúgà. Ó lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, bí ohun kíkan bá sì ti kàn án, ahọ́n á gbà pé adùn ni. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kó tó kúrò. Gààrí tí kò kan kò ní bá a ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ti Ìjẹ̀bú gan-an ló bá mu. Kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ o, ahọ́n nìkan ló ń tàn jẹ, kò dín sítáàṣì inú gààrí kù.

Ọjọ́ tí agbáyun kò bá sí, ẹ má gba kóró mẹ́jọ lọ́wọ́ wọn lójijì tí wọn yóò fi máa yọ́ bù ú lẹ́yìn yín. Kó di mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ yìí, mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, méjì, kó wá tán. Ahọ́n ń yára gbàgbé adùn ju bí a ti rò lọ. Ẹ dín gààrí náà kù sí ìdajì, kí ẹ̀pà àti ẹja díndín pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí purotéènì àti ọ̀rá inú wọn ń fa ẹsẹ̀ ṣúgà sẹ́yìn kó má bàa ya wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gààrí nìkan kọ́ ni alẹ́. Ẹ se ìkọ́kọrẹ́ fún wọn, kó ní ẹja dáadáa, kó má pọ̀ jù nínú abọ́. Kí wọ́n sì máa rìn lẹ́yìn oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ dé ìta tí wọ́n á padà, ẹsẹ̀ tó ń rìn ń lo ṣúgà.

Ọmọ yín tó lóyún náà ti jẹ́ kí n rántí ohun kan. Mọ́ọ̀tì kì í sọ ara di ẹ̀jẹ̀. Ìgò rẹ̀ kan lè ní ṣúgà tó tó ti ẹlẹ́rìndòdò, àwọ̀ dúdú rẹ̀ ló ń tan wá. Oògùn iron àti folic acid tí wọ́n ń fún un níbi ìtọ́jú aboyún ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Kó mu mílíìkì rẹ̀ láìpo mọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ pé bàbá rẹ̀ lè ní àtọ̀gbẹ, kí wọ́n bá a yẹ ṣúgà wò ní oṣù kẹfà oyún, torí oyún nìkan lè gbé ṣúgà sókè. Ọ̀rọ̀ ṣúgà náà kan ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ogun Hitler, ìjọba ń fi ìwọ̀n pín ṣúgà fún ará ìlú títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1953. Bí wọ́n ṣe ṣí i sílẹ̀, ṣúgà tí ènìyàn ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn oníwádìí tó fi àwọn tí wọ́n lóyún wọn tí wọ́n sì tọ́ wọn ní ìgbà ìpín ṣúgà wé àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ kọ àbájáde wọn ní 2024: nígbà tí wọ́n dàgbà, àtọ̀gbẹ dín ní nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 lára àwọn ti ìgbà ìpín, ẹ̀jẹ̀ ríru dín ní nǹkan bí ìdá 20. Láti inú oyún dé ọdún kejì ọmọ ni ìgbà tó ṣe kókó jù. Bí ọmọ náà bá dé, ẹ má fi ṣúgà sínú ògì rẹ̀, kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kó dùn.

Bí àyẹ̀wò bàbá bá jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú metformin, kí wọ́n sì ṣe HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n lo oògùn náà pẹ̀lú oúnjẹ, kí wọ́n má sì dá a dúró torí pé ara yá. Bí dókítà bá wá fún wọn ní ínsúlínì tàbí irú oògùn bíi glibenclamide, ẹ má kó gbogbo ṣúgà ilé dànù. Oògùn wọ̀nyẹn lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù: bàbá á máa làágùn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ebi òjijì á gbé wọn, ọ̀rọ̀ wọn lè dàrú. Nígbà yẹn, kóró mẹ́rin nínú omi ló ń gbani, kí wọ́n sì jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọn kò bá mọ nǹkan tó ń lọ mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ẹsẹ̀ tó ń jó yẹn, ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ má fi òkúta gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ tí iṣan rẹ̀ ti ń kú lè bó kó má mọ̀. Kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, kí ẹ sì bá wọn wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́, torí ojú wọn kò rí i dáadáa mọ́. Ojú ọgbẹ́ kékeré kan tí kò jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Bí ẹ bá ń lọ lọ́la, ẹ mú ìgò agbo náà dání, kí ọ̀rẹ́ bàbá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara bébà, kí dókítà lè mọ ohun tí wọ́n ti ń mu.